Ọkọ̀ oníbátìrì: ṣé apẹja Ùgbòńlá yóò bọ́ lọ́wọ́ owó epo?

Ní Ùgbòńlá, lágbègbè Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, omi ni títì. Ẹni tó ń gbé ẹja lọ sọ́jà Igbókòdá, aláìsàn tó ń wá dókítà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, epo ló ń jẹ èrè ẹja.

Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kì í mu epo, kì í pariwo. Kì í ṣe ohun àná: ọdún 1881 ni Gustave Trouvé ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lórí odò Seine, nílẹ̀ Faransé. Èkó náà gbé ètò Omi Èkó kalẹ̀ lọ́dún 2025, ọkọ̀ oníná sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú Ìlàjẹ ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá lókùnkùn láìrí iná ìjọba. Níbi tí kò bá sí iná ìjọba, oòrùn lè máa cháàjì irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Bátìrì tún wúwo, omi iyọ̀ sì máa ń jẹ wáyà. Ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ilé ìwé kọjá odò lè lò ó. Ẹni tó ń lọ sójú agbami kò tíì lè gbójú lé e.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni apẹja ń ra epo. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń san owó bátìrì.