Ìdí Tí Dókítà Fi Ń Pa Ìtọ́jú Pọ̀ fún Jẹjẹrẹ Prósítéètì

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló dé tí dókítà fi ń kọ ìtọ́jú méjì, mẹ́ta fún bàbá kan ṣoṣo. Ìbéèrè náà tọ́, torí pé owó ẹgbẹ́ ni ẹlòmíràn ń yá sí i.

Prósítéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Bí jẹjẹrẹ rẹ̀ bá ti tàn dé eegun, iṣẹ́ abẹ nìkan kò lè kó o kúrò mọ́. Testosterone, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọkùnrin ṣe ọkùnrin, ni oúnjẹ rẹ̀. Ní 1941, Charles Huggins ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi oúnjẹ yìí dù ú, àrùn náà á rọlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é nísinsìnyí. Èyí ni ìpìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, jẹjẹrẹ á kọ́ bí a ti ń gbé láìsí oúnjẹ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa oògùn bíi docetaxel sínú iṣan, kó lè lé èyí tó ti sá kiri ara bá. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí ọkùnrin 790, tó jáde ní 2015, ìdajì àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù 57. Fún àwọn tó gba ti ìpìlẹ̀ nìkan, oṣù 44 ni.

Ìkẹta ni ìtànṣán, tí ń jó ojú kan ṣoṣo. Ó ń dín ìrora eegun kù. Ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní 2018 fi hàn pé bí àrùn náà kò bá tíì tàn púpọ̀, jíjó prósítéètì fúnra rẹ̀ ń fi kún ọjọ́ ayé. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, ní ẹ̀rọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Torí náà, kẹ́ ẹ tó wá onígbọ̀wọ́, ẹ bi dókítà léèrè èwo ló kàn yín, ìgbà mélòó, àti iye owó rẹ̀. Bí ibà bá mú ẹni tó ń gba docetaxel, ọsibítù ni kó sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ara bá sì ti yá, ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra yín: àrùn náà kò tíì lọ, ebi ló ń pa á.