Òkè Gbà Wọ́n Là, Omi Pè Wọ́n Wálẹ̀

Ní 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún ni ìlú Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń ṣe ọdún iṣu. Àwọn ọmọ ìlú á ti Kùtọnú wá, wọn á ti Pàràkú wá, àwọn tó wà lókè òkun pàápàá á múra wálé. Láti àárọ̀ lodó á ti máa dún, nítorí làbókò ni iṣu ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò síṣu tó mọ iyán í ṣe tó o. Ọjọ́ kejì ọdún ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, nígbà tí ìlú kò tíì jí tán. A fẹ́ gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ká gba àárín òkè méjì kọjá sí ìhà kejì, ká sì tibẹ̀ forí lé Bàntẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè ló mú wa lọ́nà.

Oko la kọ́kọ́ là kọjá. Ebè iṣu tò lọ bẹẹrẹ, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi kajú, lẹ́yìn kajú ni igi igbá àti igi ẹ̀mí tí àgbẹ̀ kì í gé tó bá ń ṣánko. Nígbà tóko tán, koríko gùn jù wá lọ, ìrì sì rin ṣòkòtò wa dé itan. Ibi tí koríko parí sí ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́jú, ó gbòòrò, ó sì ń yọ̀. Ojú ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn wálẹ̀ ti dúdú kirikiri lára rẹ̀. Bàbá ní ká má tẹ ojú dúdú yẹn, ibi tó bá funfun ni ká máa tẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń fọwọ́ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn òkè yìí kò ga títí. Òkè tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Benin, ní Atakora lọ́hùn-ún, kò tó 700 mítà. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, òkúta á sì ṣàdédé yọrí láàrin rẹ̀. Nígbà tí ìjọba pín ẹkùn orílẹ̀-èdè náà sí 12 ní 1999, Collines, ìyẹn àwọn òkè, ni wọ́n pe tibí. Ìdáàṣà, tí kò jìnnà, ní òkè 41 gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kà á. Ní àárín òkè méjì tí a gbà kọjá, atẹ́gùn fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pariwo ká tó gbọ́ra wa. Lẹ́yìn wa, páànù Savalou ń kọ mànà. Níwájú, igbó àti oko nasẹ̀ lọ síhà àríwá, síhà Bàntẹ̀.

Díẹ̀ sísàlẹ̀ ibẹ̀ la dé ibi omi. Kòtò kan ni nínú àpáta, kò ju yàrá kékeré kan lọ, omi òjò ló kún un. Mo kúnlẹ̀ tì í. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń fì rù nísàlẹ̀ rẹ̀, koríko tín-ín-rín kan hù sí etí rẹ̀ níbi tí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ti jókòó. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí oòrùn ti mú òkúta náà gbóná. Ọ̀rẹ́ mi bèèrè bóyá ó ṣeé mu. Bàbá ní: "Àwọn tó sá wá síbí mu ún. Ẹ̀yin ẹ mu ti inú àpò yín."

Mo bi í pé, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ńkọ́?

Ó ní: "Á gbẹ. Kí oṣù kejì tó pé, eruku ló máa wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí ojú tí mo fi ń wo àwọn òkè náà padà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ogun. Ní ọ̀rúndún 18 àti 19, ọmọ ogun ìjọba Dàhòmì máa ń ya wọ ilẹ̀ Màhí àti ti àwọn Yorùbá ìhà ibí láti kó èèyàn lẹ́rú, àwọn èèyàn sì ń sá gorí àpáta. Òkúta ni odi wọn. Ṣùgbọ́n àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sí i á ṣàn lọ sí àfonífojì, sínú odò Agbado, Agbado á gbé e fún Zou, Zou á gbé e fún Ouémé. Ìwọ̀nba tó bá rí kòtò jókòó sí nìkan ló máa kù lókè. Nítorí náà, ọ̀tá tó bá ní sùúrù kò nílò àkàbà. Kó ṣáà dúró lẹ́bàá odò.

Ibi tí omi bá wà lókè kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lókìkí. Ní Adó-Àwáyé, nítòsí Ìṣẹ́yìn ní Nàìjíríà, adágún Ìyàkẹ́ wà lórí àpáta gan-an, àwọn ará ìlú sì ń bọ ọ́ títí dòní. Ẹni tó bá ti gbé orí àpáta tó gbẹ rí kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń bọ ọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, a dágbére fún bàbá, a gun ọ̀kadà zémidjan dé ojúbọ òrìṣà Dankoli. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Bàntẹ̀ àti Djougou ni òrìṣà náà wà, gbangba, kò sí ògiri. Òkìtì kan ni, èèkàn igi kún inú rẹ̀ ṣùṣù, epo pupa ti bò ó, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ epo. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kan èèkàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó máa mú wá tó bá rí i gbà. Á da epo sí i, á fi ọtí sódábì sẹ́nu, á fẹ́ ẹ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Màhí ń wá, Yorùbá ń wá, onímọ́tò tó ń kọjá lọ ń dúró. Arábìnrin kan kan tirẹ̀ níṣojú wa. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ kò jáde síta, ṣùgbọ́n ó kan èèkàn náà kíkankíkan.

Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé Bàntẹ̀. Èdè Ìtsà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó sì sún mọ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò wá ògbufọ̀. Àwọn obìnrin tò sídìí ẹ̀rọ omi kan, bàsíà tẹ̀ lé kẹ̀ẹ̀gì. Ìṣòro àpáta kò parí sórí òkè: abẹ́ ilẹ̀ níbí náà òkúta ni, ẹni tó ń gbẹ́ kànga gbọ́dọ̀ bá ibi tó sán pàdé kó tó rómi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbẹ́ ẹ títí, kò ní rí nǹkan kan. Ìlà náà sì gùn lọ́jọ́ yẹn, láàárín àsìkò òjò.

Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, tí Béhanzin ọba wọn sì juwọ́ sílẹ̀ ní 1894, ìdí tí wọ́n fi ń sá gòkè ti tán. Abúlé ń sún wá sẹ́bàá ọ̀nà àti sẹ́bàá odò. Mo bi ìyá kan tó ń dúró de bàsíà rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì máa fẹ́ padà lọ gbé orí òkè, bí ilé bá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin, ta ni yóò máa pọnmi gòkè fún un?"