Yìnyín Kì í Gbàgbé Bí Ó Ṣe Dì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo dé ilé yìnyín kan ní agbègbè Challenge, ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ń kùn, ilẹ̀ tutù rinrin, àwọn ìyá tó ń ta áísì bílọ́ọ̀kù sì ti tò pẹ̀lú àpò òfìfo lápá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ẹ̀wọ̀n fa agolo irin gígùn jáde nínú táǹkì omi iyọ̀. Omi inú táǹkì náà tutù ju yìnyín lọ, iyọ̀ ni kò jẹ́ kó dì. Omi lásán inú agolo ló ń dì. Ó ri agolo náà bọ omi lásán díẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, yìnyín sì yọ bọ̀rọ́ jáde, ó gùn tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ funfun bí ògì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kí ló dé tí àárín rẹ̀ fi funfun báyìí?"

Ìyá tó ń di ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbẹ́ ló ń kọ́kọ́ dì, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ inú omi á máa sá lọ sáàárín, ibẹ̀ ni yìnyín á ká a mọ́."

Mo ra ègé kan sínú fíláàsì mi, mo sì gbé ọ̀rọ̀ ìyá yìí rìn káàkiri ìlú Olúyọ̀lé. Bí omi bá ṣe dì, ara yìnyín rẹ̀ á sọ ọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá lọ sí ojú ọ̀run náà nìyẹn.

Kí n tó kúrò ní ilé yìnyín, ìyá náà ju ègé kan sínú báàfù omi, ó léfòó. Bí omi bá ń dì, àwọn ẹyọ rẹ̀ á fọwọ́ kọ́wọ́ ní mẹ́fà-mẹ́fà, àlàfo á sì wà láàárín wọn. Omi ife 11 á di yìnyín ife 12. Ìdí nìyẹn tí ìgò tí a rọ omi kún fi ń fọ́ nínú fìríìsà. Irú yìnyín yìí ló bo Europa, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó nípọn tó kìlómítà 15 sí 25, bí ìrìn Challenge sí Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí pé yìnyín ń léfòó ló ṣe di ìdérí fún òkun náà. Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Europa Clipper lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Ọdún 2030 ni wọ́n ń retí pé yóò dé.

Mo wọ takisí Micra dé Dùgbẹ̀, mo yà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja òkú Èkó. Nígbà tó ṣí fìríìsà rẹ̀, yìnyín ti hù sára ògiri bí irun arúgbó. Ẹnikẹ́ni kò da omi síbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ló ń wọlé nígbàkúgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí, tó ń di yìnyín láì kọ́kọ́ di omi. Yìnyín sì mọ ọ̀nà yẹn padà. Ìyá fa ẹja kan tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ yọ, ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ti hun jọ: yìnyín ara rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ láì yọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ Phoenix gbẹ́ ilẹ̀ Máàsì lọ́dún 2008, tí ègé funfun tí kò ju dáìsì lúdò lọ hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti pòórá. Ìpòórá yẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé yìnyín omi ni.

Bí ọ̀rinrin bá wá bà lé ibi tó tutù kọjá ìwọ̀n Celsius 140 lábẹ́ òdo, àwọn ẹyọ omi kò ní ráyè fọwọ́ kọ́wọ́. Ibi tí kálukú bà lé ló máa gan mọ́. Irú yìnyín aláìtò bẹ́ẹ̀ ló wà lára eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀.

Mo jáde, mo gbójú sókè wo Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní 1965, tó ga ní mítà 105. Ní Pluto, tí ọkọ̀ New Horizons kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 2015, òkè yìnyín omi wà tó ga tó mítà 3,500. Kí ẹ to Ilé Kòkó bíi 33 léra. Òtútù ibẹ̀ tó ìwọ̀n 230 lábẹ́ òdo, yìnyín ibẹ̀ sì le bí àpáta Ìdànrè.

Ní ọjà Bódìjà, ọmọ aláta kan fún ègé yìnyín méjì pọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó la ọwọ́, wọ́n ti lẹ̀ di ọ̀kan. Ìwọ̀nba ni agbára ọwọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ inú Ganymede, òṣùpá Júpítà mìíràn, àwọn onímọ̀ gbà pé ẹrù òkè tẹ omi mọ́lẹ̀ débi tó fi di yìnyín tó wúwo ju omi lọ, yìnyín tó ń rì. Onímọ̀ kan, P. W. Bridgman, ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1912. Ní Uranus àti Neptune, wọ́n gbà pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ pọ̀ débi tí yìnyín fi lè gbóná ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n: ọ́síjìn inú rẹ̀ á dúró ṣinṣin, háídírójìn á máa ṣàn láàárín rẹ̀. Marius Millot àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 2019, lẹ́yìn tí wọ́n fi iná laser fún omi pọ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Mo jókòó lọ́dọ̀ alálùbọ́sà kan, mo rántí ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní 67P. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ọkọ̀ Rosetta kéde pé ọ́síjìn ń tú jáde lára rẹ̀. Wọ́n gbà pé yìnyín ló ká a mọ́ láti ìgbà tí oòrùn wa kò tíì dá tán, tó sì pa á mọ́ títí dòní.

Mo ṣí fíláàsì mi. Ègé yìnyín náà kò ju ọsàn lọ mọ́. Mo ju ú sínú ife omi, mo gbétí sí i. Ó dún tà, afẹ́fẹ́ bíńtín kan sì yọ gòkè: afẹ́fẹ́ tí omi ń lé sá sáàárín agolo lóru àná, ní Challenge.