Bí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ Ṣe Pín sí Méjì

A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ìjà Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá ni ó tú ilé Yorùbá ká. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀: ta ni kí ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún àǹfààní ẹkùn tirẹ̀ bá ṣe ọ̀rẹ́ ní Èkó?

Ní ọdún 1951 ni a ṣí Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní gbangba ní ìlú Ọ̀wọ̀. Ohun tí ó dúró lé ni pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Agbára yìí ni Ìwọ̀-Oòrùn lò láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955.

Ní 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ẹkùn sílẹ̀ fún Akíntọ́lá, ó sì di olórí alátakò ní Èkó, níbi tí NPC ti Àríwá àti NCNC ti jọ ń ṣèjọba. Akíntọ́lá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá NPC rẹ́, kí Yorùbá lè ní ìpín tirẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n máa wá alátìlẹ́yìn láàrin àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní Àríwá àti Ìlà-Oòrùn. Ní ìpàdé Jos, oṣù Kejì 1962, ọ̀rọ̀ náà bú jáde.

Ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ kọ Akíntọ́lá, a sì fi Alhaji Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alábòójútó ẹkùn náà títí ọdún fi parí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀tá àná ti ń di ọ̀rẹ́ òní. Ní 1963, Akíntọ́lá padà sípò pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀, UPP, àti àtìlẹ́yìn NCNC tí ó ti ń bá jà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan náà ni a rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Ní 1964, Akíntọ́lá àti àwọn kan tí ó ya kúrò nínú NCNC dá ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bá NPC rẹ́. NCNC fúnra rẹ̀ sì yí padà, ó di alájọṣe Ọlọ́pẹ nínú UPGA.

Ìbò oṣù Kẹwàá 1965 dá iná sílẹ̀ káàkiri ẹkùn náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ológun dìde, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí ẹkùn lè ṣàkóso ara rẹ̀ ni ìyapa rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún Èkó láti wọlé.