Ọmọ Tó Mọ Ọ̀rọ̀ Sọ, Tí Ìwé Kíkà Nira Fún

Ọmọ lè ní ọpọlọ pípé, kó máa béèrè ìbéèrè tí àgbà gbọ́dọ̀ ronú kó tó dáhùn, síbẹ̀ kí ojú ìwé kan ṣoṣo máa gbà á ní ìdajì wákàtí. Ní 1896, W. Pringle Morgan, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ròyìn irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọmọ ọdún 14 ni, ojú rẹ̀ ríran, ìṣirò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àmọ́ agbára káká ló fi ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Olùkọ́ rẹ̀ gbà pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù nílé ìwé náà. Dyslexia ni wọ́n ń pe ìṣòro yìí lónìí, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé.

Ọgbọ́n orí irú ọmọ yìí gan-an ló ń bo ìṣòro rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò há ìtàn sórí látẹnu ẹlòmíì, yóò fi àwòrán mọ ohun tí ìwé ń sọ, yóò sì máa gba máàkì tó mọ níwọ̀n. Nígbà tó bá fi máa dé bíi kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin, tí ìwé ń gùn sí i tí àwòrán sì ń dín kù, ọgbọ́n yẹn kò ní tó o lò mọ́. Wọ́n á wá máa pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyà ńlá nìyẹn fún ọmọdé. Kò yẹ kí òbí dúró dìgbà tó bá fìdí rẹmi.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ọdún 1975, tó ń jẹ́ IDEA láti 1990, fún òbí láṣẹ láti ní kí ilé ìwé ìjọba yẹ ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí òbí kọ lẹ́tà, kó fi déètì sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Tó bá ti fọwọ́ síwèé ìyọ̀ǹda, ọgọ́ta ọjọ́ ni ilé ìwé ní láti ṣe àyẹ̀wò náà, àfi bí ìpínlẹ̀ náà bá ní gbèdéke tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Èsì tí òbí sábà máa ń gbọ́ ni pé ọmọ náà ń yege. Àmọ́ ìlànà òfin náà sọ pé ọmọ tó ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn ṣì lè lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́.

Ojú àti etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ọpọlọ, irú bíi WISC-V, tó ń wo òye ọ̀rọ̀, òye ohun tí a fojú rí, ìrònú, agbára láti fi nǹkan sọ́kàn fún ìgbà díẹ̀, àti bí ọmọ ṣe ń yára tó. Ibí yìí ló ti yẹ kí òbí la ojú sílẹ̀. Bí òye ọ̀rọ̀ bá ga fíofío tí ìyára sì lọ sílẹ̀, àròpọ̀ máàkì lè sọ ọmọ náà di ẹni àárín, kí ẹ̀bùn rẹ̀ àti ìṣòro rẹ̀ sì fara pa mọ́ pọ̀. Máàkì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni kí òbí béèrè, pẹ̀lú ti ìwé kíkà àti sípẹ́lì. Òfin kò gbà kí wọ́n fi ìdánwò kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n lo èdè tí ọmọ gbọ́ jù bó bá ṣeé ṣe. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún. Bí èsì kò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ó lè ní kí ẹlòmíì yẹ ọmọ wò lówó ìjọba, àfi tí ilé ìwé bá fi hàn níwájú adájọ́ pé àyẹ̀wò tàwọn péye.

Ní Nàìjíríà, èjìká òbí ni ìnáwó náà sábà máa ń já lé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ibi tó dára láti ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Àbájáde àyẹ̀wò tó dára máa ń ní apá méjì: kí wọ́n fi sùúrù kọ́ ọmọ náà bí ìró àti lẹ́tà ṣe so pọ̀, kí wọ́n fi àkókò kún àkókò ìdánwò rẹ̀; kí wọ́n má sì gba iṣẹ́ tó le, tó bá òye rẹ̀ mu, kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.