Ẹ̀kọ́ táwọn ọmọ wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígboro

Ẹ bi ọmọ yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama pé kí lèrò ẹ̀ nípa Home Economics, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò ní tàwọn obìnrin nìyẹn. Tó bá jẹ́ obìnrin, yóò ní ṣebí màmá òun ti ń kọ́ òun lọ́bẹ̀ sísè nílé. Àwọn mìíràn tiẹ̀ gbà pé ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò gbé sáyẹ́ǹsì ló ń sá lọ síbẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bá àwọn ọmọ wí, ẹ jẹ́ ká wo bá a ṣe ń kọ́ wọn. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ohun tíjọba ní lọ́kàn ni pé kọ́mọ tó ṣe ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tán ní girama ti ní nǹkan tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí Home Economics fi wọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ iléèwé ìjọba, kò sí sítóòfù, kò sí máṣíìnì ìránṣọ, ojú pátákó ni wọ́n ti ń se ìrẹsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ dáná lóòótọ́, àpò òbí lowó fláwà, ṣúgà àtẹyin ti ń jáde. Ọmọ tó ń rí irú èyí, kí ló fẹ́ pè é bí kò ṣe eré?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọbẹ̀ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó ilé wà níbẹ̀, ìtọ́jú ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ ògì lásán ló ń mu láàárọ̀, tó tún ń mu lálẹ́. Ikùn ẹ̀ lè yó o, àmọ́ tí kò bá rí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí sóyà jẹ, kwashiorkor lè dé. Ẹsẹ̀ á wú, irun á pupa, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ohun tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ wà nínú ìwé táwọn ọmọ wa ń ya fi wé ẹ̀pà.

Tí wọ́n bá sì ní tobìnrin ni, ẹ lọ ka iye ọkùnrin tó wà nídìí máṣíìnì láwọn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò yín. Ẹ wọ kíṣínnì òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń dáná. Ìjọba àpapọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2011, oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí wọ́n kó wọ ètò ẹ̀kọ́ SS. Lọ́dún 2025, aṣọ rírán tún wà lára èyí tí wọ́n kéde. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dáná.

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá tún lọ sípàdé PTA, ẹ bèèrè sítóòfù àti máṣíìnì. Nílé, ẹ fún ọmọkùnrin yín lówó ọbẹ̀, kó lọ sọ́jà, kó sè é, kó sì ṣàlàyé bó ṣe ná an. Lọ́jọ́ tó bá rí i tí tòmátò gbé owó ẹran lọ, ẹ̀rín yẹn á tán lẹ́nu ẹ̀.