Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kilorínì wà nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníyọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníyọ̀ lẹ́yìnkùlé, bí irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Ọsirélíà, ló gbà pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ kilorínì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iyọ̀ náà, bíi gíráàmù 3 sí 4 nínú lítà kan (omi òkun ní bíi 35), kọ́ ló ń pa kòkòrò àrùn. Bí omi ti ń ṣàn gba inú ẹ̀rọ kọjá láàárín àwọn àwo irin, iná mànàmáná ló ń sọ iyọ̀ di kilorínì.

Ẹnìkan lè ní, "Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣe é, kí ni mo tún ń yẹ̀ ẹ́ wò sí?" Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kò mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú omi, ibi tí ẹ bá yí i sí ló ń bá lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan sì lè run èyí tó pọ̀ jù nínú kilorínì láàárín wákàtí díẹ̀ bí kò bá sí cyanuric acid tó ń dáàbò bò ó. Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ní kí kilorínì má dín ní 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù), tàbí 2 bí cyanuric acid bá wà níbẹ̀, kí pH sì wà láàárín 7.0 sí 7.8. pH yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, torí irú adágún yìí a máa tì í sókè, bó bá sì ti ga, agbára kilorínì a dín kù. Omi lè mọ́ gaara lójú kó má dára fún ọmọ. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ki ọwọ́ bọ omi dé ìgùnpá, níbi tó jìnnà sí ẹnu tí omi ẹ̀rọ ń gbà jáde, kẹ́ ẹ bu díẹ̀, kẹ́ ẹ kán oògùn ìdánwò sí i, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí tó bá oògùn náà wá.